Ilẹ̀ Ni Ìrẹsì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀
Ọwọ́ tí àgbẹ̀ fi mú ilẹ̀ kí ó tó gbin ìrẹsì kan gbogbo ìdílé tó ń ra kóńgò ìrẹsì ní Sùúrùlérè, ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ṣí ní Ìmọ́tà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, ní 2023, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í so èso. Bí a bá dáná sun koríko ìrẹsì, náítírójìn inú rẹ̀ a bá èéfín lọ, ilẹ̀ a sì ṣá. Bí a bá ro koríko náà mọ́ ilẹ̀, tí a tẹ́ àkùrọ̀ pẹrẹsẹ, tí a sì mọ odi yẹ̀pẹ̀ yí i ká, omi àti ọ̀rá ilẹ̀ a dúró, ìkórè a pọ̀. Kí ìjọba tí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ rán olùkọ́ àgbẹ̀ sóko, kí ó sì yá àwọn àgbẹ̀ ní katakata lówó pọ́ọ́kú kí òjò tó dé.