Rósì Elésè Àlùkò: Ta Ni Ìyá Rẹ̀, Ta Ni Bàbá Rẹ̀?

   

Ìyá kan ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, ni ó kọ̀wé sí wa. Ó ní wọn yóò so yìgì ọmọbìnrin òun nígbà tí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró, àwọ̀ elésè àlùkò ni ọmọ náà sì fẹ́ràn jù. Ìyá bá pinnu pé òdòdó rósì elésè àlùkò ni yóò wà níwájú ilé kí ọjọ́ náà tó pé. Ọkùnrin kan tí ń kiri ọjà ta irúgbìn fún un nínú ọ̀rá kékeré, àwòrán rósì tí ó dúdú bí aró sì wà lára ọ̀rá náà. Ìyá gbìn ín, ó bomi rin ín fún oṣù méjì, koríko lásán ni ó hù. Ọkùnrin náà ti tún padà dé báyìí. Ó ní irúgbìn ti àkọ́kọ́ ni kò dára, òmíràn wà lọ́wọ́ òun tí owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ìyá wá ń bi wá pé: "Ṣé rósì elésè àlùkò wà lóòótọ́, àbí irọ́ ni? Ṣé kí n tún san owó yìí?"

Ìyá wa, ẹ má san án. Rósì elésè àlùkò wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọ̀rá irúgbìn ni a ti ń rí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìran ohun tí ó fẹ́ rà, kò rọrùn láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá bí ọmọ mẹ́fà, ojú wọn kì í rí bákan náà. Òmíràn á jọ bàbá rẹ̀, òmíràn á sì jọ ìyá àgbà tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irúgbìn rósì rí. Bí ẹ bá gba irúgbìn lára rósì elésè àlùkò tí ẹ sì gbìn ín, ó lè yọ òdòdó pupa, ó lè yọ funfun, ó sì lè má lẹ́wà rárá. Nítorí náà, ẹ̀ka igi náà ni àwọn tí ń gbin rósì máa ń gé gbìn, tàbí kí wọ́n gbé ojú ẹ̀ka rẹ̀ lé ìdí rósì mìíràn tí ó lágbára, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń gbé ojú ọsàn dídùn lé ìdí ọsàn kíkan. Ẹ̀ka ni ó ń mú àwọ̀ wá láìyẹ̀.

Òórùn rósì kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Omi rósì ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ omi Zamzam nígbà tí wọ́n bá ń fọ Káábà, ìlú Táífù ní ilẹ̀ Sáúdí sì lókìkí nítorí rósì tí wọ́n ń fi ṣe omi olóòórùn dídùn. Ṣùgbọ́n rósì Táífù kì í ṣe elésè àlùkò; ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni. Ìran elésè àlùkò yàtọ̀.

Ní ọdún 1909, ilé iṣẹ́ J. C. Schmidt ní Jámánì mú rósì kan jáde tí ń jẹ́ Veilchenblau. Crimson Rambler ni ìyá rẹ̀, Erinnerung an Brod sì ni bàbá rẹ̀. Rósì tí ń gun ògiri ni, òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó sì máa ń so ní ìdì ìdì. Ṣùgbọ́n ti rósì ńláńlá tí a máa ń rí nínú àwòrán, obìnrin ni ó ṣí ọ̀nà rẹ̀. Gladys Fisher ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1957 ni rósì rẹ̀ tí ń jẹ́ Sterling Silver jáde. Bàbá rósì yìí ni Peace, tí Francis Meilland ará Faransé mú jáde, tí wọ́n sì sọ lórúkọ náà ní ọdún 1945 nígbà tí ogun ńlá ń parí lọ. Àlàáfíà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá Sterling Silver kò tilẹ̀ lórúkọ, igi tí ó hù láti inú irúgbìn lásán ni. Peace fúnra rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni, etí ewé òdòdó rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ẹ wò ó bí ọmọ ti lè gbé àwọ̀ tí a kò rí lára bàbá!

Òórùn Sterling Silver dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tan orúkọ rẹ̀ ká. Blue Moon, tí Tantau mú jáde ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1964, inú ìran rẹ̀ ni ó ti wá. Angel Face, tí Swim àti Weeks mú jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, òun ni bàbá rẹ̀. Ìyá Angel Face sì jẹ́ ọmọ Circus àti Lavender Pinocchio. Bí ẹni tí ń ta rósì bá dárúkọ wọ̀nyí fún yín, ẹ ti mọ ilé tí wọ́n ti jáde.

Nípa rósì aláró ńkọ́? Èyí gan-an ni ẹ̀tàn tí ó wà lára ọ̀rá yẹn. Ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní delphinidin, tí ó máa ń mú òdòdó dúdú bí aró. Ọlọ́hun kò fi í sínú rósì. Ilé iṣẹ́ Suntory ti Japan àti Florigene ti Ọsirélíà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún; wọ́n mú nǹkan láti ara òdòdó pansy sínú rósì, wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 2004, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan ní ọdún 2009. Síbẹ̀síbẹ̀, elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó jẹ́, kò dé ibi aró. Àwọn rósì aláró tí ẹ ń rí lọ́wọ́ ìyàwó nínú fọ́tò, rósì funfun tí wọ́n pa láró ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ mọ̀ pé aṣọ tí a rẹ sínú aró kò lè bí aṣọ aláró.

Kí ni ìyá wa yóò wá ṣe? Kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbin òdòdó sínú ìkòkò tà ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. Kí ó béèrè orúkọ rósì náà, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí òdòdó lórí igi kí ó tó sanwó. Ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó wà láti ọdún 1975. Ó lè béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀. Bí ó bá rí ẹ̀ka gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kí ó gé èyí tí ó gùn tó pẹ́ńsù tuntun, kí ó já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ó gbìn ín síbi òjìji tí omi kì í dúró sí. Bí ó bá ti ta gbòǹgbò dáadáa, kí ó gbé e síbi tí oòrùn yóò ti máa pa á fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ìdí rẹ̀ ni kí ó máa bomi rin, kí ó má da omi sórí ewé, nítorí ewé tútù ni ó ń fa àrùn àbàwọ́n dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tuntun lè má tíì so òdòdó kí ọjọ́ yìgì tó pé.

Ìdí nìyí tí a fi ní ìmọ̀ràn mìíràn. Ìyá wa, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Delphinidin tí wọ́n wá títí fún rósì, ó wà nínú ìsápá pupa wa! Òun wà lára ohun tí ó ń mú omi sóbò pọ́n ṣúṣú bẹ́ẹ̀. Ìsápá kò dà bí rósì: òdòdó rẹ̀ sábà máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà irúgbìn ìsápá pupa yóò hu ìsápá pupa. Ẹ gbìn ín nísinsìnyí tí òjò ń rọ̀, ẹ ó sì ká a bí òjò bá ti ń lọ. Ẹ sè é fún àlejò yìgì, ẹ fi ata ilẹ̀ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù.

Bí rósì bá tètè so, ẹ ṣọpẹ́. Bí kò bá tíì so, àwọ̀ tí ọmọ yín fẹ́ràn yóò wà nínú ife gbogbo àlejò, owó yín yóò sì wà lápò yín. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí yìgì náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.