Iná Títì Kì í Ṣe Ẹ̀bùn Alága Káńsù

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi n'Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lónìí. Kánsẹ́lọ̀ á ri òpó sólà mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ alága sí i lára gàdàgbà, wọ́n á pe oníkámẹ́rà. Àwa náà á bọ́ sórí Facebook: "A dúpẹ́ o, bàbá wa. Ẹ ó ṣe jù báyìí lọ." Ìbéèrè kan péré ni mo ní: owó ta ni wọ́n fi rà á?

2/
Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹ lọ wo Fourth Schedule tó wà lẹ́yìn. Wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, pàǹtírí, ojú ọ̀nà, gọ́tà. Iná títì náà wà níbẹ̀, wọ́n dárúkọ ẹ̀ kedere. Iṣẹ́ wọn ni. Bàbá tó fún ọmọ bíbí inú ẹ̀ lóúnjẹ, ṣé ó yẹ kó pe aládùúgbò wá kí òun kú inúure?

3/
"Ṣùgbọ́n èmi ò kì í san owó orí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí." Ò ń san án, o ò kàn mọ̀ ni. Dátà tó o fi ń ka thread yìí, VAT 7.5% wà lórí ẹ̀. Nínú VAT tí wọ́n bá kó jọ ní Nàìjíríà, 35% jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín l'Ábùjá lóṣooṣù, 20.60% ni ìpín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. 33 nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 wà n'Ìbàdàn níbí. Ìwọ tó ò ń gbé Agbówó, kọ̀ńdọ́ ní Challenge, ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, owó gbogbo yín ló wà nínú ẹ̀.

4/
Ẹ wo alájọ. Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà, ó ní káàdì. Ó gbowó lónìí, ó fa ìlà. Tí oṣù bá parí, wọ́n á ka ìlà, wọ́n á ka owó, ọ̀rọ̀ tán. Alájọ tó bá ní òun ò lo káàdì, ta ló máa fún un ní kọ́bọ̀? Àmọ́ káńsù ń gbowó wa lóṣooṣù, a ò rí káàdì, a ò rí ìlà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ri òpó mẹ́ta, àwa la ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ ò ju èyí lọ: ẹ yé bèèrè òpó. Káàdì ni kẹ́ ẹ máa bèèrè.

5/
Ibo lowó náà ń gbà kọjá? Abala 162 nínú òfin ilẹ̀ wa dá àkáǹtì àjọni kan sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀. Lórí ìwé, àjọni ni. Ká sọ tòótọ́, káàkiri Nàìjíríà, ọwọ́ gómìnà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìdí nìyẹn tí Supreme Court fi dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Inú wa dùn, a pín ìròyìn yẹn káàkiri. Ọdún kan gbáko kọjá, owó tààrà yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ káńsù.

6/
Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí alága sá pamọ́ sẹ́yìn gómìnà. Tí owó bá dé ọwọ́ ẹ̀ tààrà lọ́la, tí kò sí káàdì, kí ló yí padà? Ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú ló kàn sún mọ́ ilé wa.

7/
Ẹ má sì sọ ọ́ di PDP àti APC fún mi. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019 tí ìjọba tuntun wọlé l'Ọ́yọ̀ọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní 2018. Ẹjọ́ dé Supreme Court. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ ní lílé tí wọ́n lé wọn lòdì sófin, kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Owó iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe, àpò ìlú ló ti jáde. Wọ́n tún dìbò káńsù ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024: PDP tó wà nípò kó gbogbo àga alága 33. Ẹ lọ wo àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ mìíràn wà nípò, ẹ ó rí i pé bákan náà lorin wọn.

Alága tí kò nílò ìbò rẹ kó tó wọlé, kí ló kàn án bí òkùnkùn bá ṣú ní títì rẹ?

8/
Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iná gan-an. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, NERC gbé owó iná àwọn Band A láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan. Àwọn tó lówó sá lọ sọ́dọ̀ sólà. Àwa yòókù wà lókùnkùn wa. Nígbà tí ilé bá ṣókùnkùn, títì náà á ṣókùnkùn, torí iná ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù la fi ń rí ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ti láíbìrì UI bọ̀ wá sí Agbówó lálẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin tó ń pa ṣọ́ọ̀bù dé ní Dùgbẹ̀ ní aago méjọ alẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n já gbà ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

9/
Ẹ rántí UCH. Oṣù Kẹwàá 2024 ni IBEDC já iná wọn torí gbèsè, inú oṣù Kejì 2025 ni iná tó padà dé. Ó lé ní 100 ọjọ́! Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni o, ní ìlú tí mínísítà iná ìgbà náà ti wá. Tí wọ́n bá lè fi UCH sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ta ló máa sunkún nítorí òpó kan ní Agbówó, tí kì í bá ṣe ìwọ fúnra rẹ?

10/
Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ló bí mi nínú jù. Tiransifọ́mà bàjẹ́, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé, wọ́n bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan, lándíloọ̀dù sì gbé e lé ayálégbé lórí. Bẹ́ẹ̀ NERC ti sọ ọ́ tipẹ́ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni láti ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà. Tó bá di dandan kí àdúgbò rà á, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kí ilé-iṣẹ́ náà lè máa fi iná san owó yín padà. Àdúgbò mélòó ló ní ìwé yẹn? Láìsí ìwé, ẹ ti fi owó yín ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn.

11/
Ó wá kù síbì kan. Alága káńsù á gba owó ìlú, á fi ra tiransifọ́mà "fún àdúgbò". Ẹ rò ó wò: owó gbogbo wa ra ẹrù fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ilé-iṣẹ́ náà á fi ta iná fún wa, àwa á tún pàtẹ́wọ́. Níbo ni ìwé àdéhùn tí káńsù tọwọ́ bọ̀ wà? Ta ló ń gba owó náà padà?

12/
Kí ẹnikẹ́ni má sì tún sọ pé Abuja ni ká lọ bá. Wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2023 kí ìpínlẹ̀ lè bójú tó iná ara ẹ̀, Electricity Act sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà, NERC ti pàṣẹ pé kí àbójútó iná l'Ọ́yọ̀ọ́ bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀. Ìbàdàn níbí ni ẹjọ́ wà báyìí.

13/
"Ṣebí alága yẹn tiẹ̀ gbìyànjú, ó ri òpó." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti òpó náà. Páńẹ́lì sólà lè lò tó ogún ọdún. Bátìrì ẹ̀ ò lè lò tó bẹ́ẹ̀, òmíràn ò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ. Eruku ọyẹ́ máa ń bo páńẹ́lì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gùn ún lọ nù ún. Olè náà mọ̀ pé bátìrì níyì lọ́jà. Tí káńsù bá fi gbogbo owó ra òpó, tí kò ya owó bátìrì sọ́tọ̀, tí kò yan ẹni tó máa tún un ṣe, òkùnkùn ló rà. Ó kàn fún òkùnkùn náà ní ọdún kan kó tó dé ni. Nígbà yẹn, alága tuntun á wá ri òpó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó kú, pẹ̀lú orúkọ tuntun.

14/
"Owó káńsù ò tó nǹkan. Owó tíṣà àti owó fẹ̀yìntì ló ń jẹ ẹ́ tán." Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Owó oṣù àwọn tíṣà pírámárì máa ń jáde látinú owó ìjọba ìbílẹ̀ kó tó kan ohunkóhun, mi ò sì ní kí wọ́n má san án. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló kù nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi hàn wá. Owó kékeré gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣírò níwájú ẹni tó ni ín.

15/
Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ní ìlú Porto Alegre ní Brazil, 1989 ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n máa fi lára owó ìlú ṣe: omi, gọ́tà, ojú ọ̀nà. Àwọn tálákà pọ̀ gan-an nínú àwọn tó wá. Àwa tí a ti ń dá èésú látayébáyé, tá a mọ̀ pé ẹni tó bá dá owó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kàn láti kó, kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀?

16/
Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. A máa ń fi ìpàdé àdúgbò ṣe yẹ̀yẹ́: "ìpàdé àwọn bàbá lándíloọ̀dù". Àmọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bu owó tiransifọ́mà lé wa lórí. Níbẹ̀ ni kánsẹ́lọ̀ ti ń béèrè ibi tí òpó máa wà, tí alága ẹgbẹ́ onílé sì ń nàka sí iwájú ilé tara ẹ̀. Ayálégbé ló pọ̀ jù l'Ágbówó, ayálégbé sì ni kò sí nínú ìpàdé. Ẹ lọ. Ẹ kí àwọn àgbà dáadáa, ẹ jókòó, ẹ béèrè ọ̀rọ̀.

17/
Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé. FOI Act ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bèèrè ìwé ìjọba, o ò ní láti sọ ìdí tó o fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin náà ò kàn wọ́n, àmọ́ Supreme Court ti parí ìyẹn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025: gbogbo ìpele ìjọba ló kàn. Bódìjà àti Agbówó, Ibadan North ni tiyín. Dùgbẹ̀, North West. Ring Road, South West. Ìbéèrè mẹ́ta péré:

– Èló ló wọlé fún káńsù lọ́dún tó kọjá, èló ló lọ sórí iná àti iṣẹ́ àdúgbò?
– Títì wo ni wọ́n ri òpó sí, ta ló gba kọ́ńtíráàtì, iye wo?
– Ta ló ń tún un ṣe tó bá kú, owó wo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un?

18/
Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ gbé e síbí ká jọ kà á. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé lẹ́tà yín síbí pẹ̀lú déètì tí wọ́n gbà á, ká máa ka ọjọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ "A dúpẹ́ o, bàbá wa" sábẹ́ fọ́tò òpó, kó kọ́kọ́ béèrè káàdì.