Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Iṣẹ́ Tí A Gbé Lọ sí Ẹ̀yìn Odi

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà, tí ìwé yín kì í wọ́n lórí tábìlì wa, a kí yín lọ́tọ̀. Ìwé kan tí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá ni a óò fi ṣe ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí a rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo.

Ìyàwó ilé kan ní Ìlá ni ó kọ ọ́. Iṣẹ́ ìwé owó ni ó ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, ṣùgbọ́n kò gbé Èkó. Inú yàrá rẹ̀ ní Ìlá ni ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oṣù a pé, owó a sì wọlé. Nínú owó náà ni a ti ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, nínú rẹ̀ náà ni a sì ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Manchester ti bímọ. Ìyá wọn ni ì bá lọ wẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ara àgbà kò gba ìrìn àjò ọkọ̀ òfurufú mọ́. Àbúrò fẹ́ lọ rọ́pò ìyá ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn ń ràn ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ó sì fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání lọ. Ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ohun tí ó kù ni ó kọ báyìí pé:

“Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ṣe sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ti ń dé ọwọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi mọ̀ bóyá Ìlá ni mo jókòó sí tàbí Manchester? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ, yóò kọ̀. Bí n kò bá sì lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò ní ẹlòmíràn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?”

Ọmọ wa, a ti ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání lọ sí àjò. Ní ọdún 1843 tí a fi Àjàyí Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún náà gan-an ni a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde níbẹ̀. Ó bá iṣẹ́ dé ilẹ̀ àjèjì ni. Ìtàn tìrẹ náà ní Ìgbómìnà kò sì gba ìrìn ọwọ́ òfìfo. Àwọn àgbà a máa wí pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagun-ńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ń fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, Odùduwà fi àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó lé e lọ́wọ́ láti fi la ọ̀nà, àti pé láti inú “Ogbó mọ̀nà” ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde.

Ṣùgbọ́n kíyè sí ìyàtọ̀ yìí. Ogbó mọ̀nà, kọ̀ǹpútà kò mọ̀nà. Ibi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí ni yóò ti ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ̀ pé òun ti wọ ìlú onílùú, tí òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹni tí ó gbé e ni ó ní láti mọ̀. Nítorí náà ènìyàn mẹ́ta wà tí o gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún kí o tó di ẹrù rẹ: aṣọ́bodè, ọ̀gá rẹ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ tí o fẹ́ lọ bá.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó bá fi ìwé àlejò wọlé lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ti ilé láti ibẹ̀, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ náà ni olórí ohun tí ó bá wá. Nípa tìrẹ, ìkókó ni o bá lọ, kì í ṣe iṣẹ́. Èyí bá òfin mu. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan ní ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di olùtọ́jú ọmọ tí a ń sanwó fún. Oṣù mẹ́fà ni ìwé àlejò sábà máa ń gbà fún ìbẹ̀wò kan. Oṣù méjì tìrẹ kò sì kọjá ààlà. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ní ibodè, sọ ọ́ bí ó ti rí. Àwọn tí ń lọ sí Amẹ́ríkà kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí tan ara wọn jẹ o, nítorí òfin ibẹ̀ kò la ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kedere fún ẹni tí ó gba ìwé àlejò. Kí wọ́n bi amòfin léèrè kí wọ́n tó lọ.

Bóyá àwọn kan yóò wí pé kí ni a ń fi ọ̀rọ̀ ìwé dààmú ọmọ ọlọ́mọ sí. Àwọn tí ó wí bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kí ó gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi àti Accra láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ti bímọ níbẹ̀, di ẹrù wọn lálẹ́ wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ wọn dára, ọwọ́ wọn sì mọ́. Ìwé ni kò sí.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ béèrè pé kí ni yóò fi mọ̀. Ó lè mọ̀, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì a máa fi ilẹ̀ tí a ti ń lò ó hàn. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé kò ní mọ̀ láé. Ìwé owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ, kì í tilẹ̀ ṣe ti ọ̀gá rẹ nìkan; àṣírí àwọn oníbàárà ni ó wà nínú rẹ̀. Bí olè bá jí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Manchester ńkọ́? Ẹni tí o kò sọ fún pé o jáde nílé ni o óò wá lọ sọ fún pé ẹrù sọnù. Bí iṣẹ́ yẹn bá sì bọ́, oògùn ìyá rẹ ni ó bọ́.

Nítorí náà, kọ̀wé sí i ní oṣù kan ó kéré tán kí o tó lọ. Sọ ọjọ́ tí o óò lọ àti ọjọ́ tí o óò dé. Sọ ibi tí o óò máa jókòó sí, àti ẹni tí yóò máa di iṣẹ́ mú bí ara ìkókó kò bá yá. Jẹ́ kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé àkókò iṣẹ́ kò ní yí padà: láti ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì a máa ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, àṣà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1916, aago wọn àti tiwa a sì ṣe déédé. Aago mẹ́jọ Èkó ni aago mẹ́jọ Manchester. Ì bá ṣe pé Houston ni o ń lọ ni, aago mẹ́jọ wa jẹ́ aago méjì òru níbẹ̀, àwa kì bá sì gbà ọ́ níyànjú láti dá a lé. Má sì gbàgbé láti jẹ́ kí nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ lè gba iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn odi, nítorí orí rẹ̀ ni báńkì ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí.

Bí ọ̀gá rẹ bá kọ̀ ńkọ́? Má ṣe bínú, má sì ṣe yọ́ lọ. Béèrè ìsinmi rẹ ti ọdún, kí o lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ṣófo. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọkàn rẹ balẹ̀ yóò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ láǹfààní ju oṣù méjì tí àyà rẹ ń já ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún.

Ó ku ẹni kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ, níhìn-ín ni àwa fúnra wa sì ti ṣubú rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn a lọ sí Accra fún ìgbéyàwó kan, a sì gbé iṣẹ́ ìwé yìí dání. Kò sí ìyọnu ní ibodè, nítorí àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ilé àbúrò ìyá wa ni a wọ̀ sí. Ó wà ní Kumasi ní 1969 nígbà tí àṣẹ náà dé. Ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wálé, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ó tún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa, a sì wí pé, “Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe kúrò ní Kumasi fún yín.” Àwa a sì dáhùn pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí a parí ojú ìwé kan yìí.” Ọjọ́ méje ni a lò. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ìyá sùn. Ohun tí a mọ̀ nípa 1969 lónìí ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà nínú ìwé: ọjọ́ tí a pàṣẹ àti ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ó fi ojú rí, àwọn tí ó bá rìn, ohun tí ó fi sílẹ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí a sì ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, a kò lè rántí gbólóhùn kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ wa, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí o tó gbéra pé láti aago mẹ́jọ sí mẹ́rin ni ọwọ́ rẹ yóò dí, kí ó má baà rò pé olùrànlọ́wọ́ ọ̀sán àti òru ni ó ń bọ̀. Bí ìrànlọ́wọ́ òwúrọ̀ ni ó bá fẹ́ jù, kí ó wí, kí ẹ jọ rò ó. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin bá ti lù, pa ẹ̀rọ náà dé, kí o gbé e sínú àpò, kí o sì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè sùn. Ilé ni a ti lè tún ìwé owó ṣe. A kò lè ti Ìlá wẹ ọmọ tí ó wà ní Manchester.

Kọ̀wé sí wa nígbà tí o bá gbọ́ ìdáhùn ọ̀gá rẹ. Bá wa kí ìyá rẹ, kí o sì jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ìkókó náà láti ọ̀hún. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.