Ẹ Má Ṣe Rán Ọmọdé Gun Igi: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Oníṣègùn Igi

Nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú, díẹ̀ ni ó gba ọgbọ́n àti ìgboyà tó iṣẹ́ ẹni tí ń gun igi láti tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń já ewé láti fi wo ènìyàn sàn ni a ń wí, bí kò ṣe ẹni tí ń tọ́jú igi fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni. John Davey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1846, tí ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan nípa rẹ̀ ní ọdún 1901, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Oníṣègùn Igi. Orúkọ yìí ni àwa náà yóò máa lò.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín ni pé láìpẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri, a ó sì bá igi máńgòrò, igi àgbálùmọ̀ àti igi ọsàn nínú ọgbà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀ka kan yóò na ara rẹ̀ bo òrùlé. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a pe ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ yá jùlọ nínú kíláàsì, kí a fi àdá lé e lọ́wọ́, kí a sì ní kí ó gòkè lọ. Àwa wí pé àṣà náà kò dára, ó sì yẹ kí ó dópin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti ń lo ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, kì í sáré gun igi. Yóò kọ́kọ́ yí i ká. Yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá olú hù níbẹ̀, nítorí olú ní ìdí igi lè jẹ́ àmì pé inú ti ń jẹrà. Yóò fi òòlù onígi lu ara igi náà, yóò sì dẹtí sí i, nítorí igi tí inú rẹ̀ ti di ihò kì í dún bí èyí tí ó le. Yóò gbé ojú sókè wá ẹ̀ka gbígbẹ, àti ibi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti pínyà bóyá ó ti ń là. Yóò wo wáyà iná. Yóò wo ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú, nítorí òfin ọdún 1981 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò yẹ okùn rẹ̀ wò láti òpin dé òpin, tí yóò sì dé akoto.

Kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹnìkan a máa dúró nílẹ̀ láti bá a mú okùn, láti dá àwọn tí ń kọjá dúró, àti láti gbà á sílẹ̀ bí ewu bá dé. Bí ó bá sì fẹ́ lo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lókè, ọ̀nà méjì ni ó fi ń so ara rẹ̀ mọ́ igi, kí ó má baà jẹ́ pé bí ayùn bá ṣèèṣì gé ọ̀kan, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Gígé náà pàápàá ní ìlànà. Bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń gé e. Ó kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara igi, kò sì gé e já. Lẹ́yìn náà ó gé e láti òkè, níwájú ojú àkọ́kọ́, ẹ̀ka a sì bọ́. Ìgbà kẹta ni ó ń mú èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò. Bí a bá gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè, bí ó ti ń ṣubú ni yóò máa bó èèpo ara igi lọ. Ẹ tún kíyèsí i pé ibi tí ẹ̀ka ti jáde lára igi máa ń wú díẹ̀ bí ọrùn. Oníṣègùn igi kì í gé ọrùn yìí, kì í sì í fi kùkùté gígùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìta ọrùn gan-an ni ó ń gé.

Kí ni ìdí rẹ̀? Egbò igi kì í jinná bí egbò ara wa. Bí awọ wa bá bó, ara a máa fi tuntun dípò èyí tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Alex Shigo, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó, la igi púpọ̀ ní òòró láti wo inú wọn. Nínú ìwé tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, a rí i pé ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tí ó bàjẹ́ ká, tí ó sì ń dàgbà bò ó láti ìta. Egbò náà wà nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọrùn ẹ̀ka ni odi náà ti lágbára, nítorí náà ẹni tí ó gé ọrùn ti wó odi ìlú. Ọ̀dà tí àwọn kan ń kùn sí ojú egbò kò lè dá ìjẹrà dúró.

Ǹjẹ́ kí ni ọmọdé tí ó mú àdá lọ́wọ́ mọ̀ nínú gbogbo èyí? Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ni yóò gé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bẹ́ gbogbo orí igi kúrò, wọ́n sì rò pé ewu ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tuntun ni yóò rú jáde ní ojú ibẹ̀, wọn kì í sì í di ara igi mú ṣinṣin bí ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tóbi tán, tí ìjì sì dé, àwọn ọmọ tí olùkọ́ mìíràn ń kọ́ ni wọn yóò wó lé lórí.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn baba wa kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí wọ́n tó gun igi. Àwa bi í pé, ta ni ó sọ pé wọn kò kọ́ ọ? Akọ́pẹ kò jí ní ọjọ́ kan kí ó gbé igbà kọ́ ara. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí igbà bá já, ẹ̀mí òun ni. Ó mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ fi ń dàgbà, ní orí, bí a bá sì gé e, ọ̀pẹ kú. Àgbẹ̀ tí ń gé àfòmọ́ kúrò lára obì mọ̀ pé bí òun bá já ewé rẹ̀ nìkan, yóò tún hù. Àwọn wọ̀nyí ni oníṣègùn igi ti ilẹ̀ wa. Àwọn ni wọ́n sì wí pé kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Ẹ̀ka tí a bá gé nígbà tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ojú rẹ̀ yóò tètè bò.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní owó tí yóò fi bẹ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Èwo nínú wa ni yóò gbà kí a fi ẹsẹ̀ ọmọ òun dán iṣẹ́ náà wò? Owó tí a kò san fún oníṣẹ́ lè di owó tí a ó san fún oníṣègùn eegun.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni èyí. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún, kí olùkọ́ yí àwọn igi ọgbà rẹ̀ ká, kí ó sì kó àwọn ọmọ lẹ́yìn, kí wọ́n kọ́ láti ilẹ̀ bí a ti ń mọ igi tí ó ń ṣàìsàn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí a sun pàǹtí ní ìdí igi, tàbí kí a kan ìṣó mọ́ ọn lára. Kí ó tọ́ igi sọ́nà nígbà tí ó ṣì kéré. Bí iṣẹ́ bá di ti òkè, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Okùn rẹ dà? Ta ni yóò dúró nílẹ̀? Níbo ni ìwọ yóò gé? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Igi tí ń ṣíji bo àwọn ọmọ wa lónìí, ẹni tí ó gbìn ín lè ti kú. Ọdún púpọ̀ ni ó fi dàgbà, wákàtí kan sì tó láti bà á jẹ́. Ọmọ tí a fi sí ìtọ́jú wa sì ṣe iyebíye ju igi lọ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ni kí a jẹ́ kí ó gun igi.