Kẹ́ ẹ tó ra ìpín òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wo gbèsè tó máa tó san láìpẹ́

Lọ́dún 2023, ìpín Transcorp Hotels, ilé iṣẹ́ tó ni Transcorp Hilton l'Abùjá, wà lára àwọn tí owó wọn gbéra sókè jù nínú ọjà ìpín NGX. Àtìgbà náà làwọn ọ̀dọ́ ti ń bi mí pé, "Lọ́yà, ṣé ká ra ti òtẹ́ẹ̀lì?" Èmi náà á bi wọ́n pé: ẹ ti wo gbèsè tí ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ san láàárín oṣù 12? Ọ̀pọ̀ ò débẹ̀. Wọ́n á wo èrè, wọ́n á tẹ fóònù, ó parí.

Current liabilities làwọn oníṣirò ń pè é, ti òtẹ́ẹ̀lì sì yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ àti ìyàwó san owó gbọ̀ngàn ìgbéyàwó oṣù Kejìlá látinú oṣù Kẹfà. Owó ti wọlé, àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì ò tíì gbé ìkòkò kaná. Títí ọjọ́ ìnáwó á fi pé, gbèsè lowó yẹn nínú ìwé. Lójú tèmi, gbèsè tó dáa ni: kò lélé, iṣẹ́ ni wọ́n máa fi san án, tó bá sì ń pọ̀ sí i, oníbàárà ń bọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí March 30, 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ogun àti Abùjá wà ní títì pa nítorí Kòrónà. Ìnáwó dúró gbagidi. Tí olúnàwó bá ní kí wọ́n dá owó òun padà, tí òtẹ́ẹ̀lì sì ti fi kun ilé ńkọ́?

Owó ìjọba náà wà níbẹ̀: VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìdá 5 tí Èkó ń gbà lórí yàrá àti oúnjẹ. Òtẹ́ẹ̀lì kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ga lọ́dọọdún, wọ́n ti ń ná owó olówó nìyẹn o.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni owó báńkì. Yàrá tuntun máa ń pẹ́ kó tó pa owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Tí èyí tó pọ̀ nínú gbèsè náà bá bọ́ sí ọdún yìí, tówó ọwọ́ wọn ò sì tó o, wọ́n á tún yá òmíràn, àbí kí wọ́n wá bá ẹ̀yin onípìn-ín pé kẹ́ ẹ dáwó sí i. Ẹ wo àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò wọn, níbi tí wọ́n kọ borrowings sí. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì NGX.

Ẹ má fojú kéré ẹni tó ń gbé epo dísù wá náà. Lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020, tí gbèsè rẹ̀ bá ju ₦200,000 lọ, tó fìwé béèrè rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsan án, ó lè gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n tú ilé iṣẹ́ náà ká. Tí wọ́n bá sì tú u ká, báńkì, ìjọba àti onídísù lá kọ́kọ́ gba tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ìpín lẹ wà ní ìparí ìlà.