Iṣẹ́ Wo Ni Ó Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Ṣe?

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ tí ó bá rọrùn jù ni kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe. Ní tèmi, n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo Bọ́lá. Ó dé láti ilé-ìwé ní ọ̀sán. Aṣọ wà lórí okùn, òjò sì ti ṣú. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà nínú àpò rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pè é pé kí ó wá ta ayò. Kí ni kí ó ṣe?

Kí ó kọ́kọ́ kó aṣọ wọlé, nítorí pé òjò kò ní dúró dè é. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ yìí kì í pariwo bí àwọn ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò ṣe Bọ́lá láǹfààní jù. Bí àyè bá kù, kí ó lọ ta ayò.

Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fi àbọ̀ bá adìẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè pé: Èwo ni kò lè dúró? Èwo ni ó ṣe pàtàkì jù?