Ẹkùn Mẹ́rán ní Ilé Ìjọsìn: Èrò Kan Lórí Eré Ọmọdé àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Nígbà tí a bá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní eré òṣùpá tán, ohun tí a sábà máa ń béèrè nínú ìdánwò ni pé kí wọ́n dárúkọ márùn-ún, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìwúlò wọn. Wọ́n á dárúkọ wọn wẹ́rẹ́: bojúbojú, ẹkùn mẹ́rán, ẹyẹ mélòó, kí ló lẹ́jẹ̀, àlọ́ àpamọ̀. Wọ́n á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ogójì ọmọ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti àwọn onígbàgbọ́ tàbí ní ilé-kéú, wọn kò lè darí ẹyọ kan ṣoṣo nínú eré wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àga ni wọn yóò tò, wọn yóò sì tan orin.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kíláàsì ẹ̀sìn àti àríyá ọjọ́ ìbí ni ojúde tí ó kù fún eré ọmọdé Yorùbá ní àwọn ìlú ńlá, àti pé àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó gbà á. Agbo ilé ti tú ká. Lẹ́yìn géètì ni ọmọ ń gbé, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ó ń bá a ṣeré lálẹ́. Níbo ni ọgbọ̀n ọmọ tún ti ń pàdé láìsí pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò? Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ilé-kéú ni, ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún márùn-ún ni.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá kan wa gbọ̀ngbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. A lè máa jà fún un, ó sì yẹ kí a jà. Àmọ́ kò sí òfin kankan tí ó ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ eré àga wò ná. Ogún ọmọ, àga mọ́kàndínlógún. Orin dúró, ọmọ kan kò rí àga, ó jáde. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ jáde, tí ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó kéré jù tàbí tí ara rẹ̀ kò yá jù, yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ìpele méjìdínlógún tí ó kù. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu sọ gbólóhùn kan nínú eré náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn ní òpin. A kò sọ pé eré náà burú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ohun tí olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìfẹ́ ọmọnìkejì ń wá níbẹ̀.

Nínú ẹkùn mẹ́rán, àwọn ọmọ yóò di ọwọ́ ara wọn mú, wọn yóò ṣe agbo. Ọmọ kan wà láàárín gẹ́gẹ́ bí ẹran, èkejì wà lẹ́yìn agbo gẹ́gẹ́ bí ẹkùn. Bí ẹkùn bá fẹ́ wọlé, àwọn ọmọ yóò rẹ ọwọ́ sílẹ̀, wọn yóò sún mọ́ra. Bí ẹran bá fẹ́ kọjá, wọn yóò gbé ọwọ́ sókè fún un. Ẹnìkan ń lé orin, agbo ń gbè é. Ọmọ tí ó bá jẹ́ kí ọwọ́ òun já ni ó la ọ̀nà fún ẹkùn. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹran, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò àwọn méjèèjì, eré yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọmọ ti ń fara ti ògiri. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn Dáfídì, ẹni tí ó gba ọ̀dọ́-àgùntàn lẹ́nu kìnnìún àti béárì, kò nílò ohun èlò mìíràn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣeré náà tán, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣì máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ẹran bí ó ti rí lára rẹ̀ nígbà tí agbo ṣí sílẹ̀ fún un.

Kí ló lẹ́jẹ̀ tún rọrùn láti lò ju èyí lọ. Adarí ń dárúkọ nǹkan kíákíá. Bí ohun náà bá ní ẹ̀jẹ̀, agbo yóò gbè é. Bí ó bá jẹ́ òkúta, kí gbogbo ẹnu pa mọ́. Ní ilé-kéú, a lè fi ẹran hàláàlì rọ́pò ẹ̀jẹ̀: àgùntàn, ewúrẹ́, ràkúnmí, adìyẹ, kí alùfáà tó yọ ẹlẹ́dẹ̀ sí wọn lójijì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àwọn àpọ́sítélì: Pétérù, Jòhánù, Áńdérù, lẹ́yìn náà Mósè. Ní àwọn ibì kan, wọn a máa lu ẹni tí ó bá ṣì í gbè. Ní èrò tiwa, ẹ̀rín agbo ti tó ọmọdé ní ìjìyà.

A mọ̀ pé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan yóò ní eré wọ̀nyí bá òrìṣà tan. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é, kò sá fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Wọ́n lo Ọlọ́run. Wọ́n lo àlùfáà àti àdúrà, ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò kí ìwé náà tó dé. Bí èdè bá lè wọ ilé ìjọsìn láìsí ìpalára, a kò rí ohun tí ewúrẹ́ àti ẹkùn ṣe.

Ti àríyá ńkọ́? Ó ti di àṣà kí òbí mú àkòrí kan fún ọjọ́ ìbí, kí gbogbo nǹkan, láti orí kéèkì dé aṣọ, jẹ́ ti Spider-Man tàbí ti Barbie. A lè fi ọjà ṣe àkòrí bákan náà. Kí àwọn ọmọ wọ bùbá àti ìró, kí a gé bébà ṣe owó, kí wọ́n tẹ́ ọsàn àti bisikíìtì sílẹ̀ tà. Ọmọ tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà, ìyálọ́jà kò ní dá a lóhùn. Ẹ ó rí bí ọmọ tí kò lè ka iye dé ogún ní kíláàsì yóò ṣe wá àádọ́ta àti ogójì rí nítorí bisikíìtì.

Ẹ̀wẹ̀, olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Bí ó bá ń dá eré dúró ní ìṣẹ́jú méjì-méjì láti béèrè ẹsẹ Bíbélì tàbí súrà, àwọn ọmọ á tètè mọ̀ pé kíláàsì ni ó fi aṣọ eré bora.

Àbá wa fún àwọn ẹ̀ka Yorùbá kò ná wa lówó. Kí a mú ìbéèrè tí ó ní kí a dárúkọ eré márùn-ún kúrò nínú ìwé ìdánwò. Ní ipò rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, darí eré mẹ́ta ní gbangba pẹ̀lú àwọn ọmọ gidi, orin rẹ̀ àti òfin rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ tí yóò fún wọn ní máàkì sì wọ inú agbo náà, nítorí àwọn kan nínú wa wà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré òṣùpá láti ogún ọdún láìgbe orin rẹ̀ kan.